Ilé Ọ̀ṣọ́ Kì í Ṣe Ilé Oṣó: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ́ àti Ìṣọ́ Ìkànnì

Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ti sọ ojú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yábàá di ibùjókòó wọn, títí dé orí pé Mark Zuckerberg, ọ̀gá àgbà Facebook, ti Amẹ́ríkà wá yọjú sí wọn ní Co-Creation Hub ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, kíkọ́ ìkànnì sórí ayélujára kò tún jẹ́ ohun àjèjì mọ́ fún aránṣọ, onídìrí àti aláṣọ tí ìsọ̀ wọn wà ní Àgùdà ní Sùúrùlérè; ṣùgbọ́n orúkọ tí a ń fi lé ìkànnì wọ̀nyí lórí, àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa wọn ní Èkó Akété, ilé ọgbọ́n, kò tíì rí ìtọ́jú tí ó tọ́ sí wọn lọ́wọ́ àwa tí a ni èdè.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ká ní ìyá kan tí ń ta gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ ní Àgùdà sọ ìsọ̀ rẹ̀ ní Ilé Ọ̀ṣọ́: orúkọ náà dùn létí, ó sì bá ọjà rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì 26, nọ́ńbà láti 0 dé 9 àti ìlà kékeré àárín ọ̀rọ̀ nìkan ni àdírẹ́sì ayélujára gbà, nítorí náà ileoso ni orúkọ náà yóò dà, oníbàárà tí ó bá sì rí i lára àpò ọjà kò ní mọ̀ bóyá ilé ọ̀ṣọ́ ni a ń pè é sí tàbí ilé oṣó. Lóòótọ́, láti ọdún 2003 ni ọ̀nà ti ṣí tí lẹ́tà bí ẹ àti ọ fi lè wọ inú àdírẹ́sì, ṣùgbọ́n èmi kì í gba oníṣòwò nímọ̀ràn pé kí ó tọ̀ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ oníbàárà ni kò mọ ibi tí wọn yóò ti tẹ lẹ́tà náà lórí fóònù wọn. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ kọ orúkọ náà láìfi àmì sí i, kí a pè é ní gbogbo ohùn tí ó lè gbà, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì mú ìtìjú dání, kí a wá òmíràn. Bí àpẹẹrẹ, Ilegele, tí í ṣe Ilé Gèlè, kò ní ohùn méjì.

Inú ìkànnì gan-an kọ́ ni a ti ń bọ́ àmì sílẹ̀, bí ó ti wù kí àwọn kan máa sọ pé ẹni tí ó bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ kò ní rí ẹni wá a kàn. YorubaName.com, ìkànnì orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, já irọ́ yìí: àdírẹ́sì rẹ̀ kò ní àmì kankan, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ wọ ẹ̀wù àmì wọn pé, a sì lè tẹ orúkọ láìsí àmì kí a sì rí i. Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ àmì ti ń gba àpérò. Ní Èkó yìí kan náà ni àwọn àgbà ìjọ C.M.S. ti péjọ lórí bí a óò ti máa kọ Yorùbá ní ọdún 1875. Ìṣòro tiwa ni pé nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó ru àmì lórí tí ó tún ní lábẹ́ kò ní, àpapọ̀ ni. Akọ̀wé kan lè fi àmì ohùn lé ẹ, èkejì lè fi àmì abẹ́ sí é, ojú kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a kò kọ́ láti mọ̀ wọ́n ní ọ̀kan yóò kà wọ́n sí méjì. Ẹ sọ fún ẹni tí ń bá yín kọ́ ìkànnì pé kí ó sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní NFC.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní kọ́, n kò ní kọ. Ẹni tí ó gbé ìkànnì ró ni ó kọ́ ọ. Ẹni tí ń fi àròkọ sínú rẹ̀ ni ó ń kọ.

Lẹ́yìn kíkọ́, ìṣọ́ ni ó kàn. Ohun tí a fi ń wọlé sí ìkànnì, tí ará àdúgbò ń pè ní páswọ́ọ̀dù, ni àwọn kan sọ ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́, tí àwọn mìíràn sọ ní ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí ó ṣí ọ̀nà. Èkejì ni mo fẹ́ràn, ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: bí ohùn àárín bá wálẹ̀, ó di aṣìnà, ẹni tí ó sọ ọ̀nà nù. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó fi ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà ti la ògiri lẹ́nu. Bí olè bá wá wọlé, kí a mọ ohun tí a óò wí. “Wọ́n já wọ ìkànnì mi” ni ti ẹni tí olè wọlé tọ̀ ṣùgbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Wọ́n gba ìkànnì mọ́ mi lọ́wọ́” ni ti ẹni tí kò lè wọlé mọ́, ìrànlọ́wọ́ tí àwọn méjèèjì ń fẹ́ kò sì rí bákan náà. Ọ̀nà ọdún 2003 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ àti ọ fi ń wọ inú àdírẹ́sì, ni olè náà ń tọ̀: ó lè gba àdírẹ́sì tí kò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí ti báńkì yín ju àmì kín-ń-kín lábẹ́ e lọ, kí ó sì ní kí ẹ wá tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yín síbẹ̀. Àjèjì lè rò pé èérí ojú fóònù ni. Àwa tí a ti mọ̀ láti kíláàsì kìn-ín-ní pé e kì í ṣe ẹ, àwa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rí i.

Ó ku ti ìdàgbàsókè. Mo ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ìkànnì àwọn “ń dàgbà”. Ènìyàn, ẹran àti igi ní í dàgbà. Òwò a máa gbèrú, òkìkí a máa kàn, ọjà a sì máa lérò. Bí àwọn tí ń yà sí ìkànnì yín bá ń pọ̀ sí i, ẹ sọ pé ó ń lérò, bí ẹ bá sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi àmì sí i, nítorí “ero” lásán lè jẹ́ èrò ọjà, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ̀.