Ìgò Fítámì àti Ìkòkò Ẹ̀fọ́

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, arábìnrin kan yọ ìgò kan nínú báàgì rẹ̀, ó fi hàn wá (ó gbà wá láàyè láti sọ ọ́ láìdárúkọ). Beta-carotene ni. Ọkọ rẹ̀ kò tíì lè fi sìgá sílẹ̀, ó sì rà á fún un kí jẹjẹrẹ má bàa mú un ní ẹ̀dọ̀fóró. Ìfẹ́ ló fi rà á. Síbẹ̀, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ọkọ rẹ̀ má lò ó mọ́.

Ẹ wo iṣu tí a bẹ tí a fi sílẹ̀: bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Nínú ara wa náà, èéfín sìgá, àti iṣẹ́ tí ara ń ṣe lójoojúmọ́ pàápàá, máa ń mú ohun kan jáde tí ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Jẹjẹrẹ lè gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn èròjà tí ń pa agbára nǹkan wọ̀nyí ni à ń pè ní antioxidant. Wọ́n wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata, ọsàn, kárọ́ọ̀tì, àti epo pupa wa pẹ̀lú.

Àwọn onímọ̀ rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tí ń jẹ èso àti ẹ̀fọ́ dáadáa. Wọ́n wá rò pé kí a kúkú kó èròjà yìí sínú oògùn. Ní ilẹ̀ Finland, wọ́n dán an wò pẹ̀lú ọkùnrin 29,133 tí ń mu sìgá. Èsì rẹ̀ jáde ní 1994: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ láàárín àwọn tí ń lo beta-carotene ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dúró ní 1996 kí àsìkò rẹ̀ tó pé, nítorí ohun kan náà. Èsì ìdánwò mìíràn ní 2011 fi hàn pé fítámì E inú oògùn ń fi kún jẹjẹrẹ prostate. Ẹ̀yin bàbá, ẹ fetí sí èyí, àrùn náà wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú.

A kò rí irú ewu yìí nínú ìkòkò ẹ̀fọ́. Níbẹ̀, ìwọ̀n èròjà náà kò pọ̀ jù, ohun rere púpọ̀ mìíràn sì bá a rìn. Ẹ̀fọ́ tí ẹ bá rà ní Moore Street, ẹ má bọ̀ ọ́ títí kí ẹ wá da omi rẹ̀ nù. Fítámì C bá omi lọ nìyẹn. Tòmátì ní tirẹ̀, ẹ fi òróró díẹ̀ dín in, èròjà inú rẹ̀ á lè wọ ara. (Àwọn ìyá wa ti ń ṣe èyí tipẹ́.)

Ẹ̀fọ́ kò lè rọ́pò àyẹ̀wò o. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà láàárín ọmọ ọdún 50 sí 69, bí lẹ́tà BreastCheck bá dé, ẹ lọ; ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá sì ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, kí ó má fi fítámì tó ń lò pamọ́ fún dókítà.

Arábìnrin wa ti gbé ìgò náà kúrò nílé. Sìgá ló kù. Ọkọ rẹ̀ ti gbà láti pe àwọn Quit ti HSE, tí ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi í sílẹ̀.