Kí Ló Dé Tí Mọ́tò Tí Wọ́n Gé Sípíríǹgì Rẹ̀ Fi Ń Fò Bí Ọ̀pọ̀lọ́?

Tí ọ̀dọ́ bá ra spọ́ọ̀tì káà tòkunbọ̀, bíi Toyota Celica, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wù ú ni pé kí mọ́tò náà sún mọ́ ilẹ̀. Àwọn kan á ra sípíríǹgì tó kúrú, tó sì le. Àwọn mìíràn á ní kí mẹkáníìkì gé èyí tó wà lábẹ́ mọ́tò. Ṣùgbọ́n ṣọ́kì àtijọ́ ni wọ́n á fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Iṣẹ́ kálukú

Sípíríǹgì ló ń gbé ìwúwo mọ́tò. Tí táyà bá gun gálọ́ọ̀pù, sípíríǹgì á fún pọ̀, á gba agbára náà pamọ́, á sì dá a padà. Tó bá ku òun nìkan, mọ́tò á kàn máa jó sókè-sódò ni. Ṣọ́kì ló ń pa ijó yẹn: písítìnì inú rẹ̀ ń ti ọ́ílì gba ojú ihò tóóró, agbára á di ooru, á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì ni ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Ká ní igun kan mọ́tò gbé 300 kg, líle sípíríǹgì sì jẹ́ 20 N/mm. Á máa mì bíi ìgbà 1.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá fi ti 40 N/mm rọ́pò rẹ̀, á di bíi 1.8. Líle ti di ìlọ́po 2, nítorí náà agbára ṣọ́kì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 1.41 (1.41 × 1.41 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2). Ṣọ́kì àtijọ́ kò ní ju nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 lọ nínú ohun tó yẹ.

Gígé náà ń mú kí sípíríǹgì le sí i. Tí èyí tó ní ìyípo 8 bá di 6, líle rẹ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Àyè tí ṣọ́kì fi ń rìn á sì dín kù, á máa lu ìdí gbàgà.

Kí ló kàn mí?

Ẹ ro kọ́nà Interchange Ṣágámù, níbi tí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tó lọ sí Bìní. Ẹ wà lórí eré, ẹ ń yí, táyà gun gálọ́ọ̀pù. Tí ṣọ́kì ò bá lágbára tó, mọ́tò á ṣì máa fò. Táyà tí kò tẹ ilẹ̀ dáadáa, kò lè yí, bírékì ò sì lè mú un. Ṣọ́kì tó le jù náà ò dáa: kì í jẹ́ kí táyà tètè tẹ̀ lé ojú ọ̀nà.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ ra sípíríǹgì àti ṣọ́kì tí wọ́n ṣe fún ara wọn, ẹ sì pààrọ̀ ti ọ̀tún àti òsì pọ̀. Tí owó ò bá tíì tó, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ bó ṣe wà.