Nígbà Tí Apànìyàn Bá Jẹ́ Ọ̀rẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, yálà Nàìjíríà ni ẹ ti ń ka ìwé yìí, tàbí Bẹ̀nẹ̀, tàbí Tógò, tàbí Côte d'Ivoire níhìn-ín, ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lónìí kò dùn ún kọ́. Inú kíláàsì Yorùbá tí mo ń kọ́ ní Abidjan ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ọmọ Èjìgbò tí a bí sí Treichville, na ọwọ́ sókè, ó ní: "Mùsíé, àwọn Faransé ń pè é ní féminicide. Kí ni àwa ń pè é?" Mo dáhùn pé a ó sọ pé pípa obìnrin nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Kò jókòó. Ó ní: "Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó pa á ńkọ́?"

Ìbéèrè kejì yìí ni ó ṣòro. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2023, nǹkan bí 85,000 obìnrin àti ọmọbìnrin ni a mọ̀ọ́mọ̀ pa ní gbogbo ayé. 51,100 nínú wọn kú lọ́wọ́ ọkọ, olólùfẹ́ tàbí ẹbí wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀rẹ́ nínú 51,100 yẹn. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Òwe náà pàápàá kò sọ ibi tí ọ̀rẹ́ ń gbé.

Mo wá sọ ìtàn Cynthia Osokogu fún wọn, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ọ̀dọ́mọbìnrin yìí ń kàwé gboyè kejì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Nasarawa ní Keffi, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ta aṣọ. Orí Facebook ni ó ti bá ọkùnrin kan dọ́rẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ó wọ bàálù wá sí Èkó láti ra ọjà. Ọ̀rẹ́ yìí àti ẹnì kejì rẹ̀ mú un lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac. Wọ́n fi oògùn sínú ohun mímu rẹ̀, wọ́n dè é, wọ́n jà á lólè, wọ́n sì pa á. Ó tó oṣù kan kí ẹbí rẹ̀ tó mọ ibi tí òkú rẹ̀ wà. Àwọn ìpè orí fóònù rẹ̀ ni a tọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn apànìyàn náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2017, Adájọ́ Olabisi Akinlade ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga Èkó dá ẹjọ́ ikú fún àwọn méjèèjì. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́jọ! Lójú tèmi, ó pẹ́ jù.

Ọmọkùnrin kan sọ pé olè lásán ni wọ́n. Mo gbà pé owó ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó wo ohun tí wọ́n fi mú un: kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe àdá. Ìkíni ni, àti sùúrù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa béèrè àlàáfíà rẹ, a sì máa rántí ohun tí o sọ lánàá.

Ọmọ náà tún ní, kí ló gbé e lọ bá ẹni tí kò rí rí? Inú bí mi díẹ̀. Ṣebí ọjà ni ó wá rà. Báwo ni àwọn ará Èjìgbò ṣe dé Abidjan? Ẹnì kan mọ ẹnì kan ní Treichville tàbí Adjamé, onítọ̀hún sì gba àlejò tí kò rí rí sílé. Bí a bá ní kí obìnrin má gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, a ti ní kí ó má ṣòwò, kí ó má sì rìnrìn-àjò nìyẹn. Ìyàtọ̀ kan ṣá wà. Ẹni tí ń gbà wọ́n nígbà náà, gbogbo agbo ilé ni ó mọ orúkọ rẹ̀ àti ti baba rẹ̀. Ọ̀rẹ́ inú fóònù, ó lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ gan-an ni apànìyàn sì fẹ́ kí ó rí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún wọn nìyí, ẹ̀yin náà lè ṣe é: ẹ bi ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín léèrè ẹni tí ó gbà á sílé nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ìlú àjèjì, àti iye ènìyàn tí ó mọ orúkọ ẹni náà kí ó tó gbéra nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwọn ọ̀rẹ́ inú fóònù tiyín, kí ẹ sì kọ iye tí ẹlòmíràn nínú ilé yín mọ̀ nínú wọn.