Ẹ̀kọ́ fún Ìjíròrò: Bí Àgbà Kò Bá Lè Dá Ara Rẹ̀ Tọ́jú Mọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ìgbà yìí jẹ́ èyí tí a máa ń sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ìsìn, tí a kì í fẹ́ mú wá sí ìpàdé: ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, èsì tí a ń gbọ́ ni pé, "Ká má rí i! Ta ni yóò gbé ìyá rẹ̀ jù sọ́dọ̀ òyìnbó?" Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó wá kàwé ní ìlú yìí ti di arúgbó síbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà tí àrùn ẹ̀gbà dá ìyá wa dùbúlẹ̀, a pinnu pé ọwọ́ wa ni wọn yóò wà. A ń se ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn, a ń fọ aṣọ wọn, a sì rò pé ìtọ́jú parí síbẹ̀. A kò mọ̀ pé ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn, a gbọ́dọ̀ máa bá a yí i ní wákàtí mélòó kan síra, lọ́sàn-án àti lóru. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì wá yẹ̀ wọ́n wò ni ó fi egbò tí ó wà ní ìbàdí wọn hàn wá. Ó ti jinlẹ̀. Màmá kò sọ fún wa pé ó ń dùn wọ́n, nítorí wọ́n ń rí i pé ó ti rẹ̀ wá.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ilé ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àgbà náà ṣì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ṣé ó lè wẹ̀, kí ó wọṣọ, kí ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó sì jẹun fúnra rẹ̀? Ṣé ó máa ń rántí pa iná gáàsì? Òfin ọdún 2014 tí wọ́n ń pè ní Care Act sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá jọ pé ó nílò ìtọ́jú, káńsù gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà ní owó tàbí kò ní. Ọmọ tí ó ń tọ́jú rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò tirẹ̀.

Ibí yìí ni àwọn ìyá wa ti máa ń ba nǹkan jẹ́. Òṣìṣẹ́ káńsù yóò bèèrè bóyá wọ́n lè wẹ̀, Màmá yóò ní, "A dúpẹ́, kò sí ohun tí ó ń ṣe mí," nítorí a kì í tú àṣírí ara ẹni fún àlejò. Òun náà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ bí ọjọ́ tí ó burú jù ṣe ń rí.

Olùtọ́jú lè máa wá sílé lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Ní ti ilé ìtọ́jú, oríṣi méjì ni, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n ń báni wẹ̀, wọ́n ń fúnni lóúnjẹ àti oògùn, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Èkejì ni nọ́sìn hóòmù. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹni tí ó bá wà ní ipò tí ìyá wa wà, èkejì yìí ni ó yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó ń fa ìjà láàárín ọmọ ìyá, ẹ jẹ́ kí a farabalẹ̀ níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní ọdún 2025, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni yóò san gbogbo owó ìtọ́jú ara rẹ̀. Bí ó bá wà láàárín iye yìí àti £14,250, káńsù yóò bá a san lára rẹ̀. Bí kò bá tó £14,250, wọn kò ní fọwọ́ kan owó ìpamọ́ rẹ̀. Ẹni tí a bá ń tọ́jú nínú ilé ara rẹ̀, wọn kì í ka ilé náà mọ́ ohun ìní. Bí ó bá lọ ń gbé ilé ìtọ́jú pátápátá ni wọ́n ń kà á, àfi bí ọkọ tàbí aya rẹ̀, tàbí ẹbí tí ó ti pé ọgọ́ta ọdún, bá ń gbé inú rẹ̀. Ilé tí a kọ́ sí Ìjẹ̀bú tàbí Ìbàdàn náà wà nínú ìṣirò o! Àwọn kan ń sọ kiri pé bí a bá ti fi ilé sí orúkọ ọmọ fún ọdún méje, ó bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó orí ogún ni ọ̀rọ̀ ọdún méje wà fún. Bí káńsù bá rí i pé nítorí àtibọ́ lọ́wọ́ owó ìtọ́jú ni a ṣe gbé e fún ọmọ, wọn yóò kà á bí ẹni pé ọwọ́ ìyá ni ó ṣì wà.

Bí ó bá jẹ́ pé àìsàn gan-an ni ó fa ìtọ́jú náà, NHS lè san gbogbo rẹ̀ láì wo àpò ẹnikẹ́ni. Continuing Healthcare ni wọ́n ń pè é. Ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò rẹ̀. Attendance Allowance wà fún ẹni tí ó ti tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, tí ó sì ti nílò ìrànlọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ìyá tí ó fi físà àlejò wá kí wa kò sí nínú èyí. Kí iyè tó rà, ẹ jẹ́ kí àgbà fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé Lasting Power of Attorney. Jíjẹ́ àkọ́bí kò fúnni ní àṣẹ yìí níwájú òfin.

Bí ẹ bá fẹ́ yan ilé kan, ẹ ka ohun tí Care Quality Commission kọ nípa rẹ̀, kí ẹ sì lọ síbẹ̀ fúnra yín lásìkò oúnjẹ. Ẹ wo èékánná àwọn àgbà ibẹ̀. Ẹ bèèrè bí ó ti ń pẹ́ tó kí ẹnìkan tó wá bí wọ́n bá tẹ agogo. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé bá mú lè gbàgbé èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó ku Yorùbá nìkan lẹ́nu rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì rò pé ìràn-ín-rán ni. Ẹ kọ ìwé kan fún wọn: bí a ṣe ń pe omi, ìrora àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, oúnjẹ tí Màmá lè jẹ, òróró tí a fi ń pa ara wọn, pé "Mama" ni kí wọ́n máa pè wọ́n, kí wọ́n má máa fi orúkọ pè wọ́n bí ọmọdé.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a kọ nígbà tí a gbé ìyá wa lọ níkẹyìn. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n lò níbẹ̀, egbò náà sì jinná ní oṣù kẹta. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù kọ ìwé ti ara rẹ̀ wá, kí a kà á fún ara wa.