Bí A Ti Ń Ya Àbùkù Sọ́tọ̀ ní Debian

Debian ni orúkọ àkójọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè wo bí a ti kọ ọ́, kí ó lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Àwọn olùtọ́jú rẹ̀ wà káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì gba owó kankan lórí iṣẹ́ náà. Nítorí èyí, àkókò wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a ń kó wá bá wọn pọ̀.

Ẹni tí ètò kan bá yọ lẹ́nu yóò kọ ìwé ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé náà yóò gba nọ́ńbà, yóò sì wà ní gbangba, nítorí pé láti ọdún 1997 ni Debian ti ṣe ìlérí pé òun kì yóò fi àbùkù òun pamọ́. Nígbà náà ni iṣẹ́ ẹni tí ń ya àbùkù sọ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó mọ bí a ti ń kọ ètò. Sùúrù àti àròjinlẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ẹni tí ó kọ̀wé pé “kò ṣiṣẹ́” nìkan dà bí aláìsàn tí ó dé iwájú oníṣègùn tí ó kàn ń sunkún. Ẹ̀dà ètò wo ni ó ń lò? Kí ni ó ṣe? Kí ni ó retí, kí ni ó sì rí? Àwọn àgbà sì ní ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà olùyàsọ́tọ̀ yóò dán ọ̀rọ̀ náà wò lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí kò bá rí ohun tí a wí, yóò béèrè àlàyé sí i. Bí ẹlòmíràn bá ti mú ẹjọ́ kan náà wá ṣáájú, yóò so méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni yóò wọn bí ó ti wúwo tó. Ipò méje ni ó wà. Èyí tí ó burú jù lọ ni àbùkù tí ń ba ètò mìíràn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ jẹ́, tàbí tí ń pa ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ olùlò rẹ́, tàbí tí ń ṣílẹ̀kùn fún olè. Èkejì ni èyí tí ó sọ ètò náà fúnra rẹ̀ di aláìwúlò. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó rú òfin Debian gidigidi. Ètò tí ọ̀kan nínú mẹ́ta wọ̀nyí bá wà lára rẹ̀ kò yẹ kí ó bá ẹ̀dà titun Debian jáde. Àwọn yòókù fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkeje kì í tilẹ̀ sábà jẹ́ àbùkù rárá, ẹ̀bẹ̀ ni: olùlò ń fẹ́ kí a fi nǹkan kún ètò.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé olùfisùn ni ó ń kọ́kọ́ yan ipò fún ẹjọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin kan lè fi ìbínú kọ̀wé nítorí àwọ̀ tí kò wù ú, kí ó sì fi í sí ipò tí ó burú jù lọ. Obìnrin kan lè kọ ìlà méjì péré, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé gbogbo ìwé òun ti pòórá lẹ́yìn tí òun gba ẹ̀dà titun. Ti obìnrin yìí ni kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ìdánwò kejì farasin jù èyí lọ: nígbà tí ọjọ́ ìgbéjáde bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lè wu olùtọ́jú láti fa àbùkù ńlá wálẹ̀ sí ipò kékeré, kí ètò rẹ̀ má baà kù sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n gbangba ni ìwé náà wà. Gbogbo ayé ni yóò rí ẹni tí ó yí ipò náà padà.

Nígbà tí àtúnṣe bá dé, olùtọ́jú yóò kọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà sínú àkọsílẹ̀ ẹ̀dà titun, ẹjọ́ yóò sì parí. Olùfisùn yóò gba ìwé pé a ti tún un ṣe. Bí ìyọnu náà bá ṣì wà, ó lè ṣí ẹjọ́ náà padà.