Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Hacker Kì í Ṣe Olè

Ẹ mọ fóònù lò. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi owó ránṣẹ́, ẹ sì mọ ẹni tó ń ṣe POS ní kọ̀rọ̀ àdúgbò yín. A kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́ kọ́ lónìí: hacker. Ẹ pè é báyìí: há-kà. Ẹ tún un pè.

Kíláàsì mẹ́ta ni mo ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí ní Ifákọ̀ níbí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣì í gbọ́. Bí mo bá bèèrè pé ta ni hacker, gbogbo ẹnu á dún lẹ́ẹ̀kan náà: "Olè ni! Ọmọ Yahoo ni!" Rárá o. Hacker kì í ṣe olè. Hacker ni ẹni tó mọ inú nǹkan, tó sì fi ìmọ̀ yẹn mú kí nǹkan náà ṣe ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é kò rò rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí owó bẹntiróòlù fò sókè lọ́dún 2023, ẹ rántí àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Wọ́n tú kabúrétọ̀, wọ́n fi irin kékeré kan sí i lẹ́nu, wọ́n fa rọ́bà wá láti ara sílíńdà, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún bẹntiróòlù sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gáàsì. Wọ́n tú u wò, wọ́n dán an wò títí ó fi ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní hack gan-an nìyẹn. Bí ẹnì kan bá wá fòru fo ọgbà yín, tó gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ ńkọ́? Olè ni. Kódà bó bá mọ jẹnẹrétọ̀ tún ṣe ju gbogbo mẹkáníìkì Kétu lọ, olè ni.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣeré pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin kékeré. Lókè tábìlì, ọkọ̀ ń sáré. Lábẹ́ tábìlì, wáyà lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọ náà sì ń tò ó, wọ́n ń tún un tò. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn ti ọdún 1955, ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀: wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ hack wáyà kọ́kọ́ pa iná. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ wọ̀nyí bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ wọn dání lọ. Nǹkan bí ọdún 1983 ni àwọn ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń já wọ kọ̀ǹpútà onílé ní hacker. Inú bí àwọn hacker. Wọ́n fún àwọn ajánilé náà ní orúkọ tiwọn, wọ́n pè wọ́n ní cracker. Orúkọ náà kò ràn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣì ń ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Bí fóònù yín bá jẹ́ Android, ẹ fọwọ́ kàn án. Linux ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1991, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kan ní Finland, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kò gba kọ́bọ̀. Hacker ni. Olè kì í fúnni ní nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àṣìgbọ́ yìí ti ń pa wá lára. Ìyá kan tó ń ta tòmátì ní Mile 12 wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n. "Tíṣà, wọ́n ti hack mi." Ẹnì kan ń fi WhatsApp rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú?" Ó ní ẹnì kan pe òun, pé ọmọ ìjọ àwọn ni, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù òun, kí òun jọ̀ọ́ kà á fún un. Màmá kà á fún un.

Ẹ tún un gbọ́: màmá kà á fún un. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilé. Kò sẹ́ni tó já ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó mọ inú ẹ̀rọ kankan. Gbájúẹ̀ ni. Bí ẹ bá pe gbájúẹ̀ ní hack, ẹ ó rò pé agbára awo kan ni, pé kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i. Bí ẹ bá pè é ní gbájúẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ẹnu yín ni ilẹ̀kùn. Ẹ má ka nọ́ńbà mẹ́fà náà fún ẹnikẹ́ni. Ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ ààfáà, ì báà jẹ́ ọmọ tí ẹ bí. Kí ẹ tó kúrò ní kíláàsì lónìí, ẹ wọ ibi ètò WhatsApp yín, kí ẹ fi PIN tiyín sí i. Èmi àti ẹ̀yin la ó jọ ṣe é.

Àṣìgbọ́ yìí tún ń pa àwọn ọmọ wa lára. Ṣáájú ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá 2020, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló jẹ palaba ìyà lọ́wọ́ ọlọ́pàá lójú títì nítorí pé láptọ́ọ̀pù wà nínú báàgì wọn. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà sọ pé ẹni tó bá wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ ti dẹ́ṣẹ̀. Òfin náà kò sọ pé níní kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó jókòó ti láptọ́ọ̀pù títí di òru, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń kọ́. Ẹ má fi ẹnu yín sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ hacker? Wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ ní èdè tó gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn èdè náà ni Python. Ẹ jẹ́ ká ní apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan jẹ́ 40,000 náírà, ẹ sì ta mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

owo = 40000
apere = 3
print(owo * apere)

Àmì ìràwọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀rọ á dáhùn: 120000. Nígbà tí a dán an wò, ẹnì kan gbàgbé láti pa àkámọ́ ìkẹyìn dé. Ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀, ó ní SyntaxError, pé àṣìkọ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ kì í méfò ohun tó wà lọ́kàn ẹni. A fi àkámọ́ náà sí i, ó ṣiṣẹ́, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá tí ẹ kọ́ jẹ́ 25. Ọ̀rọ̀ tí Python yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ jẹ́ 35 péré. Ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ ti kọjá èyí tó le jù.

Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ freeCodeCamp lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ náà ni CS50 ti ilé ẹ̀kọ́ Harvard. Scratch ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ọmọ náà á máa to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT lọ́dún 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójúkojú, kó gun àfárá Third Mainland ní Oworo, kó sọ̀ ní Adékúnlé, ó ti dé Yábàá. Ibẹ̀ ni CcHub, ibùdó àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ti wà láti ọdún 2011. Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, nítorí náà ẹ jókòó ti ọmọ yín, kó máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín bó ti ń kọ́ ọ.

Iṣẹ́ ilé. Ẹ kọ "hacker" tàbí "olè" sí iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan kọ ètò sórí fóònù tó ń ṣírò gbèsè àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀. Ọkùnrin kan pe yín pé báńkì lòun ti ń pè, kí ẹ ka PIN yín fún òun. Báńkì háyà obìnrin kan láti wá ibi tí ilẹ̀kùn wọn ti bàjẹ́. Ó rí i, ó sì sọ fún wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan mọ kóòdù kọ dáadáa, ó fi wọ àkáǹtì ẹlòmíràn, ó kó owó ibẹ̀. Ẹni kẹrin yìí máa ń fa ariwo ní kíláàsì. Ẹ kọ ìdáhùn tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kí ẹ sì mú un wá lọ́jọ́ Sátidé.