Ẹ Jẹ́ Kí A Gbọ́ Ti Ẹnìkejì

Ní 1913 Ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Ìjọba ní alábòójútó lásán ni Olóyè Amodu Tijani Oluwa. Olóyè ní àwọn ènìyàn òun ni wọ́n ni ilẹ̀ náà, kí a san owó rẹ̀ pé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó jẹ̀bi níhìn-ín; ṣùgbọ́n àyè wà fún un láti tún ẹjọ́ rò, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì dá a láre ní 1921.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, onírúurú ẹ̀yà ni ó ń gbé pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, nítòsí Àpápá. Èrò wọn kò lè ṣe ọ̀kan. Bí ọmọ wọn bá sọ ohun tí àwa olùkọ́ kò gbà, kí a má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Bóyá òun ni ó jàre. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.